Wọ́n Ní Kì Í Lù Ú, Àwàdà Ló Ń Ṣe

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ jókòó kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, torí mi ò lè gbé e mì. Àwọn kan ti ń sọ ọ́ kiri Àgídìngbì bó ṣe wù wọ́n. Ó yẹ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu èmi tí mo wà níbẹ̀.

Ẹ mọ̀ pé tíṣà ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Agége ni mo ti lo ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún. Ní ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà wa, mo wà lára àwọn àgbà tó ń jókòó ti ọkùnrin àti obìnrin tó bá fẹ́ ṣègbéyàwó. Bí a ṣe ń ṣe é nìyí: àwọn méjèèjì á wá síwájú wa, a ó bi wọ́n ní ìbéèrè, a ó gbà wọ́n nímọ̀ràn. Bí ó bá tẹ́ wa lọ́rùn, wọ́n á kúnlẹ̀, Bàbá Ìjọ á ta òróró sí wọn lórí. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, wọ́n á kéde wọn níwájú ìjọ. Bí wọ́n bá ti kéde rẹ báyìí, ó parí! Ọmọbìnrin wo ló máa lójú láti sọ pé òun ò ṣe mọ́?

Tóyìn àti Délé ló kàn. Akẹ́kọ̀ọ́ mi ni Tóyìn nígbà kan. Ọwọ́ rẹ̀ kì í wálẹ̀ ní kíláàsì. Kí n tó béèrè tán, ó ti fẹ́ dáhùn. Ní báyìí, ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe bisikíìtì lọ́nà Ọ̀rẹ́gùn ló ń bá ṣiṣẹ́. Òun ló ń yẹ bisikíìtì wò kí wọ́n tó kó o jáde. Délé ń ta fóònù ní Computer Village. Ó dára lọ́kùnrin, ó mọ èèyàn kí, ó máa ń dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Gbogbo àwọn ìyá ìjọ ló fẹ́ràn rẹ̀.

A jókòó. Bàbá Ìjọ béèrè lọ́wọ́ Tóyìn bóyá ó mọ oúnjẹ tí Délé fẹ́ràn jù. Kí ọmọ náà tó la ẹnu, Délé ti gbà á sọ.

“Bàbá, ẹ fún un láyè o! Jẹnẹrétọ̀ kékeré lọpọlọ Tóyìn, ẹ máa fa okùn ẹ̀ títí kó tó tan.”

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín! Bàbá Ìjọ rẹ́rìn-ín, àwọn ìyá tó kù rẹ́rìn-ín. Tóyìn fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀rín Tóyìn yẹn ló mú mi. Mo mọ̀ ọ́n. Ẹnu ló ń rín in, ojú kì í bá a rín in. Ojú á yára wo ọkùnrin náà, kó lè mọ̀ bóyá ẹ̀rín náà tó. Èmi náà rín irú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún nílé ọkọ.

Bàbá àwọn ọmọ mi kò lù mí rí. Mo tètè sọ ọ́, kí ẹnì kan má baà ní mo purọ́ mọ́ òkú. Ẹnu ló ní. Bí àlejò bá wá, tí mo bá dá sí ọ̀rọ̀, á ní, “Ẹ má dá tíṣà lóhùn, ọgbọ́n ẹ̀ ò kọjá ṣọ́ọ̀kì.” Bí ó bá ku àwa méjì, á béèrè pé ta ni ì bá fẹ́ mi bí òun ò bá ṣàánú mi. Èmi tí mo gba dìgírì! Nígbà tó yá, mo máa ń ro ọ̀rọ̀ wò títí kí n tó lè sọ pé òjò ń bọ̀.

Mo gbé e lọ bá àwọn àgbà ìjọ. Ẹ gbọ́ o: Bàbá Ìjọ yìí kan náà, tí kò tíì dé ipò tó wà lónìí, ló dá mi lóhùn. Ìbéèrè kan péré ló bi mí: ṣé ó ń lù mí? Mo ní rárá. Ó ní kí n lọ gba ààwẹ̀, kí n tan àbẹ́là, kí n ka Sáàmù, kí Ọlọ́run lè fún mi ní ẹ̀mí ìfaradà. Èmi tí wọ́n ń bú ni mo ń gbààwẹ̀, ẹni tó ń bú mi ń jẹ iyán! Ta ló gún iyán náà? Èmi náà ni!

Ọkọ mi ti kú. Mi ò sunkún, wọ́n sì fi mí sọ̀rọ̀. Kí wọ́n máa sọ ọ́ lọ.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ Tóyìn. Bàbá Ìjọ béèrè bó ṣe máa ń béèrè: “Tóyìn, ọmọ mi, ṣé ó ń lù ọ́?”

“Rárá, sà.”

“Ògo ni fún Olúwa! Ẹ gbé òróró wá.”

Mo ní kí wọ́n dúró, mo ní ìbéèrè kan. Mo bi Tóyìn pé kí ni Délé máa ń pè é tí kò bá sí ẹlòmíì níbẹ̀.

Ọmọ náà wo Délé. Délé ló dáhùn.

“Mama, àwàdà la máa ń ṣe. Ó mọ̀ pé mo fẹ́ràn òun.”

“Ìwọ kọ́ ni mo bi.”

Tóyìn tẹríba, ó ń ká etí sùtánà rẹ̀. Mo rò pé ó ti bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo wá yíjú sí Délé.

“Ó dáa, àwàdà ni. Ṣe é fún Bàbá Ìjọ, jọ̀ọ́.”

“Kí n ṣe kí ni, mà?”

“Wo ojú Bàbá, kí o sọ fún wọn pé jẹnẹrétọ̀ kékeré lọpọlọ wọn.”

“Háà! Mama! Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n lé mi jáde ni?”

“Kí ló dé? Ṣebí àwàdà ni. Bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ rín in tán ni.”

Ọ̀kan nínú àwọn ìyá bú sẹ́rìn-ín, ó sì yára fọwọ́ bo ẹnu.

“Mama, mi ò lè sọ irú ẹ̀ sí Bàbá láéláé. Ìwọ̀sí nìyẹn!”

Ó jáde lẹ́nu rẹ̀! Èmi kọ́ ni mo sọ ọ́ o. Ó mọ̀ pé ìwọ̀sí ni. Ó mọ̀ ọ́n dáadáa, ó sì mọ ẹni tí òun lè sọ ọ́ sí.

Bàbá Ìjọ bínú. “Mama Tíṣà, ẹ yé gbé ìjà ọkọ yín tó ti kú wá sórí ìgbéyàwó ọlọ́mọ. Délé ò fọwọ́ kan ọmọ yìí!”

Mo ní òótọ́ ni, ohun tí wọ́n sọ fún èmi náà nìyẹn lọ́jọ́sí. Mo ní ṣé wọ́n rántí ààwẹ̀ tí wọ́n fún mi? Mo gbà á, ebi pa mí, ọkọ mi ò sì dákẹ́. Mo ní ta ni ààwẹ̀ kàn báyìí, ṣé Tóyìn ni àbí Délé? Mo rọra sọ ọ́, bí mo ṣe máa ń bá ọmọ olórí kunkun sọ̀rọ̀ ní kíláàsì. Bàbá Ìjọ ò rí èsì fọ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń dúró de ìdákẹ́ yẹn. Ó dùn mọ́ mi, mi ò ní purọ́!

Ìgbà náà ni Tóyìn sọ̀rọ̀. Díẹ̀ ló kù kí a má gbọ́ ohùn rẹ̀. Ó ní ọ̀gá òun níbi iṣẹ́ béèrè bóyá bisikíìtì kan ti jóná jù. Ó ní òun rí i pé ó ti jóná, àmọ́ òun ní òun ò mọ̀, torí Délé ti kọ́ òun pé ohunkóhun tí òun bá ti rò, òdìkejì rẹ̀ ló máa ń tọ̀nà.

“Ṣé ibi tó yẹ kó o ti sọ ìyẹn nìyí?” Délé sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́, ó ń rẹ́rìn-ín. “Kúnlẹ̀ jàre, ká gbàdúrà ká máa lọ. Màá ṣàlàyé ẹ̀ fún ẹ tá a bá délé.”

Délé fúnra rẹ̀ kúnlẹ̀. Bàbá Ìjọ gbé ìgò òróró dání. Gbogbo wa ń wo Tóyìn. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di àga rẹ̀ mú bí ẹni tí ọkọ̀ ń gbé sáré, kò sì dìde.

Délé nìkan ló wà lórí eékún.

Nígbà tó pẹ́, Bàbá Ìjọ gbé ìgò náà sílẹ̀. Wọn ò kéde wọn lọ́jọ́ Ìsinmi. Tóyìn ti sọ fún Délé pé òun ò ṣe mọ́, Délé sì ń rán èèyàn sí i láti bẹ̀ ẹ́. Ìyá Délé ní àjẹ́ ni mí. Ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ló ti sọ ọ́, níbi tí mo ti ń bọ́ bàtà. Mo kí i, mo wọlé.

Ẹ̀yin ọmọ mi tó ń ka èyí, ẹ má dúró de àpá lára! Bí ó bá ń fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ lójú èrò, tí ẹ bá bínú, tó ní ẹ ò mọ àwàdà, ẹ bi ara yín: ṣé ó lè sọ ọ́ sí ọ̀gá rẹ̀? Ṣé ó lè sọ ọ́ sí bàbá rẹ̀? Bí kò bá lè sọ ọ́ sí wọn, a jẹ́ pé ó mọ ohun tó ń ṣe. Bí ẹ bá sì ti ń kọ́kọ́ wo ojú rẹ̀ kí ẹ tó dáhùn ohun tí ẹ mọ̀, ẹ tètè wá ẹni tó máa gbọ́ yín. Bí ẹni àkọ́kọ́ bá ní kí ẹ lọ gbààwẹ̀, ẹ wá ẹlòmíì.

Ẹ̀yin ńkọ́? Kí ni wọ́n pè yín tí ẹ fi rín ẹ̀rín tí kò dénú? Ta ni ẹ sọ fún, kí ló sì wí? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ yìí. Mo láyè, màá kà á lọ́kọ̀ọ̀kan. Àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí n dárí ji òkú, kó má wulẹ̀ yọ ara ẹ̀ lẹ́nu.