Bángà Kérésì Nínú Oṣù Kẹjọ

Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, mo bẹ̀rẹ̀ ilé oníyàrá méjì kan ní Awóyáyà, torí pé fúláàtì Jákàńdè ti sú mi. Ará Ìwó ni bíríkìlà mi, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tó máa ń bá búlọ́ọ̀kù wí bí ẹni ń bá ọmọ rẹ̀ wí. Àwa méjì péré la wà lórí iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù kẹjọ, nígbà tí ẹgbẹ́ ajagungbalẹ̀ méjì kojú ara wọn lórí ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn tèmi. Wọn ò tilẹ̀ bo ojú. Ta ni wọ́n fẹ́ máa sá fún?

Ìbọn bẹ̀rẹ̀ sí í dún. A dojú bolẹ̀ lẹ́yìn òkìtì iyanrìn. Nígbà tí mo gbójú sókè, ẹ̀jẹ̀ ti bo ṣòkòtò bíríkìlà.

"Màmá, ẹ má sọ fún ìyàwó mi pé ìbọn ni o. Ẹ ní mo já bọ́ láti orí àkàbà."

Ilé ìwòsàn àkọ́kọ́ ní ká lọ gba ìwé ọlọ́pàá wá ná. Ìkejì ló gbà wá, tí wọ́n yọ ọta jáde ní itan rẹ̀.

Nírọ̀lẹ́, agbẹnusọ ìjọba kan bọ́ sórí rédíò. Ohùn rẹ̀ ń dán bí ẹni mu oyin. Ó ní kò sí ìjà kankan ní Awóyáyà, pé àwọn ọ̀dọ́ kan ló ń yin bángà níbi ayẹyẹ, kí kálukú máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Bángà! Nínú oṣù kẹjọ! Kérésì wo la fẹ́ ṣe? Mo rẹ́rìn-ín títí àyà fi ń dùn mí.

Ẹ̀rín náà kò pẹ́. Káfíńtà mi, tí kò wá lọ́jọ́ náà, gbọ́ rédíò, ó sì gbà á gbọ́. Èmi náà kò rántí pè é. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó lọ kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó bá àwọn ajagungbalẹ̀ lórí ilẹ̀. Wọ́n rò pé ẹ̀yìn ọ̀tá wọn ló wà. Àdá gé ìka méjì lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ọwọ́ tó fi ń jẹun!

Ní Sátidé, ìjọba pè wá sípàdé ní Ajah. Ọ̀gá kan dé pẹ̀lú agbádá tó le gbagidi bíi páálí. Ó ní ká má gba àhesọ gbọ́. Ìyàwó bíríkìlà dìde. Mi ò lè parọ́ fún un, ó ti mọ gbogbo rẹ̀. Ó gbé ìgò oògùn kékeré kan sókè, ó mì ín, nǹkan sì dún nínú rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Dókítà ti bá wa yọ bángà yín jáde. Ẹ wá gbà á."

Ẹ̀rín bú sílẹ̀ nínú gbọ̀ngàn. Ọ̀gá nu ojú.

"Ìyá, ẹ fọkàn balẹ̀. Ọ̀rọ̀ ààbò ni. Tí a bá ń sọ gbogbo rẹ̀ ní gbangba, ẹ̀rù á máa ba aráàlú."

Bàbá arúgbó kan dáhùn láti ẹ̀yìn: "Ẹ̀rù ti ń bà wá tẹ́lẹ̀. Kẹ́ ẹ sáà sọ ọ̀nà tí a ò gbọdọ̀ gbà fún wa."

Ọ̀gá ní ká gbàdúrà ìparí. Àwọn kan ṣe àmín. Èmi ò ṣe. Lọ́jọ́ kejì, rédíò kan náà ní ìpàdé náà yọrí sí rere, pé inú aráàlú dùn.

Bíríkìlà ti padà sí Ìwó, ó ń tiro. Káfíńtà ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ òsì di òòlù mú. Ilé mi kò tíì kọjá ojú fèrèsé, n kò sì tíì rí ẹni tó fẹ́ bá mi parí rẹ̀.