Ẹja Ọyẹ́ Ìyá Sanmí

Bí ọyẹ́ bá ti mú, odò wa nísàlẹ̀ dáàmù á mọ́ gaara. Wọn kì í sábà ṣí ẹnu dáàmù nígbà náà, omi á fà, èèyàn á sì máa rí òkúta nísàlẹ̀ rẹ̀. Á tún tutù débi pé eyín á máa lu eyín. Ìgbà yẹn ni ọ̀pọ̀ apẹja abúlé wa ń gbé àwọ̀n kọ́, torí ẹja tó bá rí ọ kò ní dúró dè ọ́. Ìyá Sanmí kì í gbé tirẹ̀ kọ́.

Ọ̀ṣunfúnmi ni bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Ilé àwọn tó ń bọ odò ni wọ́n ti bí i, kó tó di ẹni tó ń bọ́ bàtà wọ ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú wa. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ apẹja kú, ó gbé àwọ̀n ọkùnrin náà lọ sínú oko ẹ̀gẹ́, ó ń jù ú sórí ilẹ̀ láti fi kọ́ ọwọ́. Múyì, tóun náà ń pẹja, máa ń bi í bóyá ẹ̀gẹ́ ọjọ́ yẹn ní ìpẹ́. Á tún àwọ̀n jù. Nígbà tó yá, àwọ̀n rẹ̀ ń ṣí bí agbòjò.

Láti ìgbà náà, ẹja tó fọwọ́ ara rẹ̀ pa ló ń gbé wá síwájú pẹpẹ lọ́jọ́ ìkórè. Ó ti sọ níwájú ìjọ pé ọdún tí òun bá lọ ra ẹja yìnyín wá láti ọjà Olódò, ká mọ̀ pé apá òun ti kọṣẹ́.

Lọ́dún tó kọjá, òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì tí à ń pààrọ̀ sún ìkórè wa wọ inú ọyẹ́. Ní ọjọ́ Sátidé, Wòlíì ìjọ wa da òróró sára àwọ̀n Ìyá Sanmí bí wọ́n ti ń ṣe lọ́dọọdún, gbogbo wa ṣe àmín. Ìyá Sanmí lọ sódò, ó ju àwọ̀n títí apá fi ro ó, kò rí nǹkan kan. Múyì ti ń sọ kiri pé òun mọ ẹni tó ń ta ẹja yìnyín dáadáa l'Ólódò.

Nírọ̀lẹ́, mo bá Ìyá Sanmí lẹ́yìnkùlé rẹ̀, ó ń fi eérú àti ọṣẹ dúdú fọ àwọ̀n. Mo bi í pé ṣé òróró àdúrà ló ń fọ̀ dànù yẹn.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò bá mi débẹ̀," ó ní. "Bí àwọ̀n ti kan omi báyìí ni òróró tàn sójú odò, tó ń dán. Gbogbo ẹja ló sá. Lásìkò òjò, omi á ti dọ̀tí, wọn ò ní rí i."

Mo gbé ọ̀rọ̀ yẹn relé. Ṣé ohun tí a gbàdúrà sí ló wá lé ẹja? Èwo nínú àdúrà tèmi ló ń dán lójú omi lásán báyìí? Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìsinmi, agogo ṣọ́ọ̀ṣì ti lù, Ìyá Sanmí ṣì jókòó sórí àpáta, ó ń retí oòrùn. Ó ní inú ibú lẹja ń sá sí bí omi bá tutù. Bí oòrùn bá ta sẹ́bàá àpáta, wọ́n á jáde wá yá a. Iṣẹ́ lọ́jọ́ Olúwa ò tẹ́ mi lọ́rùn, ṣùgbọ́n èmi ni mo gbé abọ́ dání. À ń gbọ́ orin ìjọ lókèèrè.

Oòrùn ta. Ìyá Sanmí wọ omi dé orúnkún, ó kọjú sí oòrùn kí òjìji rẹ̀ lè wà lẹ́yìn, ó fi eyín di etí àwọ̀n mú, ó yí ìbàdí, ó jù ú. Nígbà tó máa fà á, àwa méjèèjì la fà á. Epìyà àti àrọ̀ ló kún un. Múyì, tó ti ń wò wá láti òdìkejì, sọdá wá. Mùsùlùmí ni, síbẹ̀ òun ló ru abọ́ dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì.

"Ìyá Sanmí," ó ní, "ẹ̀gẹ́ tòní ní ìpẹ́ o."

Ìjọ ti ń jó lọ síwájú pẹpẹ nígbà tí a wọlé. Omi ń kán láti etí ìró Ìyá Sanmí sórí sìmẹ́ńtì. Ẹja kan ta omi sára aṣọ funfun Wòlíì, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní òróró àná ti ṣiṣẹ́. Ìyá Sanmí ì bá dákẹ́. Ó kúnlẹ̀.

"Ẹ má bínú, bàbá. Mo fọ̀ ọ́ kúrò. Omi mọ́ jù, ẹja ń rí i."

Wòlíì wo abọ́ náà.

"Àdúrà ńkọ́? Ṣé o fọ ìyẹn náà?"

"Rárá, bàbá. Ìyẹn ò sí lára àwọ̀n. Ara mi ló wà."

Wòlíì ní ó dáa, lọ́dún tó ń bọ̀, apá rẹ̀ làwọn máa da òróró sí.

"Orí ni kẹ́ ẹ dà á sí," ó ní. "Apá ń wọ omi."

Wòlíì ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n bá a gbé abọ́ dé iwájú pẹpẹ. Ìbéèrè mi ṣì wà nínú mi o, mi ò ní parọ́. Ṣùgbọ́n mo tẹ̀ lé ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ tó tutù lórí sìmẹ́ńtì, mo ń jó, orí mi sì wú.