Ilé Alhaja Lẹ́nu Ọ̀nà Abẹ́ Ojú Irin

Nígbà tí wọ́n fẹ́ mú ọ̀nà abẹ́ ojú irin tó wà nítòsí wa l'Agége fẹ̀ sí i, kí ọkọ̀ akẹ́rù tó ń ti àwọn ilé iṣẹ́ Ìkẹjà bọ̀ lè ráyè kọjá, àwọn ẹnjiníà kọ́kọ́ yẹ ilé gbogbo wa wò. Ilé Alhaja ló kángun sí ẹnu ọ̀nà náà, tèmi ló tẹ̀ lé e. Ẹgbẹ́ ni wá. Ilé iṣẹ́ bisikíìtì kan náà la ti fẹ̀yìn tì. Bí mo bá ra fíríìjì, tiẹ̀ á ga ju tèmi lọ.

Obìnrin ni ẹnjiníà tó wá, kò lè ju àbígbẹ̀yìn mi lọ. Ó lẹ gíláàsì pẹlẹbẹ mọ́ ibi tí ògiri Alhaja ti lanu. Ó ní bí ilẹ̀ bá yẹ̀ díẹ̀ báyìí, gíláàsì náà á fọ́, àwọn á sì tètè mọ̀. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ mi, ó kàn fọwọ́ gbá ògiri.

"Mọ́mì, ilé yín le dáadáa. Kò sí ohun tá a fẹ́ ṣe sí i."

Ó yẹ kí inú mi dùn. Ńṣe ni inú bí mi. Mo fà á lọ sẹ́yìn ilé ìdáná.

"Èyí tó lanu yìí ńkọ́?"

"Sìmẹ́ńtì tí wọ́n fi rẹ́ ẹ ni, Mọ́mì. Kò dé inú búlọ́ọ̀kù."

Láti ìgbà yẹn, àràárọ̀ ni wọ́n ń yà kí Alhaja. Wọ́n á kọjá níwájú ilé mi bí ẹni pé èèyàn ò gbébẹ̀. Lọ́jọ́ kan, mo dá ẹnjiníà náà dúró, mo bi í pé kí ló dé tí iṣẹ́ wọn ń falẹ̀, kó ṣáà lè bá èmi náà sọ̀rọ̀.

"Yẹ̀pẹ̀ òkè yẹn ti fara ti ògiri àtijọ́ ọ̀nà abẹ́ ojú irin náà tipẹ́," ó ní. "Bá a bá wó o lẹ́ẹ̀kan náà, yẹ̀pẹ̀ á ya wálẹ̀. Ibi tá a bá gé, a ó fi irin gbé e dúró, a ó da kọnkéré sí i, ká tó gé òmíràn."

Kò pẹ́ sígbà náà, gíláàsì ara ògiri Alhaja fọ́. Iṣẹ́ dúró, wọ́n sì gbé Alhaja lọ sí hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Àgídìngbì. Mo bá a gbé báàgì dé ìdí mọ́tò, mo ń ṣàdúrà fún un, ojú mi sì ń wo bí mọ́tò náà ṣe ń dán.

Nígbà tí mo lọ kí i, orí bẹ́ẹ̀dì ló jókòó sí, ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ sí i lára. Kò tiẹ̀ kí mi.

"Ilé mi ṣì wà níbẹ̀?"

"Ó wà."

"Ìwọ ń sùn nílé ẹ," ó ní. "Mo ń jowú ẹ."

Tìmùtìmù tó jókòó lé ni mò ń wò.

Wọ́n fi irin kún irin, wọ́n fi ẹ̀rọ fún sìmẹ́ńtì olómi sínú ilẹ̀, títí gíláàsì tuntun tí wọ́n lẹ̀ kò fi fọ́ mọ́. Ọ̀nà ṣí. Wọ́n tún ògiri Alhaja rẹ́, wọ́n kùn ún, wọ́n sì gbé Alhaja padà wálé. Mo bá a yọ̀ tọkàntọkàn. Síbẹ̀, bí àlejò bá bi mí pé ta ló nilé tuntun yẹn, ó ṣì máa ń dùn mí.