Ọpọlọ mi ti dáhùn kí n tó mọ̀

Mo dá ẹni tí mi ò rí lóhùn lónìí, bẹ́ẹ̀ mi ò la ẹnu.

Dókítà obìnrin kan tó ń ṣèwádìí bí ọpọlọ ṣe ń gbọ́ràn ló so wáyà mọ́ mi lórí ní Àgbowó. Nínú ẹ̀rọ tí wọ́n fi bọ̀ mí létí, ìtàn ń lọ ní etí ọ̀tún mi, ẹnìkan ń ka orúkọ lóríṣiríṣi ní etí òsì. Wọ́n ní ìtàn nìkan ni kí n gbọ́. Òun náà ni mo gbọ́.

Nígbà tá a parí, wọ́n fi ìlà tó ń sọ bí ọpọlọ mi ṣe ṣiṣẹ́ hàn mí lórí kọ̀ǹpútà. Ibi orúkọ kan ṣoṣo ló ti fò sókè.

"Ta ni Àṣàkẹ́?"

"Èmi ni, mà. Ṣùgbọ́n mi ò gbọ́ ọ."

"Ọpọlọ ẹ gbọ́ ọ, àbúrò. Ó ti dáhùn."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

Fúnmi ni mo kọ sí fọ́ọ̀mù wọn. Ìyá àgbà mi tó ti kú nìkan ló ń pè mí ní Àṣàkẹ́. Àwọn náà ló kìlọ̀ fún mi pé tí mi ò bá rí ẹni tó ń pè mí, mi ò gbọdọ̀ dáhùn.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ sọ òótọ́ fún mi: ṣé mo ti dáhùn nìyẹn?