Orí Bẹ́ẹ̀dì Ni Panápaná Wa Kú Sí

Ẹ̀ṣẹ̀ tí Dàwódù Làsísì ṣẹ ìjọba kò ju ẹyọ kan lọ: orí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ló kú sí. Ká ní ó jóná lójú gbogbo ayé lọ́jọ́ Sátidé yẹn ni, wọn ì bá ti fi àsíá bo òkú rẹ̀, wọn ì bá ti fun fèrè, ọ̀gá rẹ̀ ì bá sì ti fi áńkáṣífù nu ojú lórí tẹlifíṣọ̀n. Ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí paná tán, ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wálé, ó jẹun, ó ṣẹ̀fẹ̀, ó sùn, ó wá kú ní ìyálẹ̀ta ọjọ́ Àìkú nínú yàrá rẹ̀ ní Agége. Nítorí náà, àwọn ọ̀gá rẹ̀ ní iṣẹ́ kọ́ ló pa á. Wọ́n ní àìsàn ara rẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín díẹ̀ ná, torí pé Dàwódù kò fẹ́ràn ẹni tó bá ń fajú ro. Ojúlé kejì sí tèmi ló ń gbé. Ó sanra, ó dúdú, ẹ̀rín rẹ̀ ló sì máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé. Panápaná ni o, ṣùgbọ́n Fàúsát ìyàwó rẹ̀ kì í jẹ́ kó dé ìdí ààrò, nítorí bó bá dáná, èéfín nìkan là á rí, a kì í rí iná. Akọ̀wé ló máa ń pè mí. Ó ní ìwé ìròyìn tí mò ń kọ wúlò púpọ̀, òun ni òun fi ń nu gíláàsì ọkọ̀. Bí wọ́n bá ń sọmọ lórúkọ ládùúgbò, á wọ yunifọ́ọ̀mù lọ síbẹ̀, á ní òun wá yẹ iná abẹ́ ìkòkò wò, kí wọ́n bá òun ṣí ìkòkò náà, kí òun rí i bóyá ẹran inú rẹ̀ kò wu ẹ̀mí ẹnikẹ́ni léwu. Mo fẹ́ràn ọkùnrin náà, n kò ní fi bò.

Ohun tó pa á kò ṣòroó yé èèyàn. Ilé iṣẹ́ kan wà nítòsí Dópẹ̀mú, níbi tí àwọn ilé iṣẹ́ Ìkẹjà ti fẹ̀yìn ti ilé àwa ará Agége. Ọ̀dà dídán tí àwọn káfíńtà fi ń kun àga ni wọ́n ń pò níbẹ̀. Ohun kan wà tí wọ́n fi ń pò ó, tí àwọn òṣìṣẹ́ ń pè ní òwú, nítorí ara òwú ni wọ́n ti ṣe é, ó sì jọ òwú. Inú àgbá ni wọ́n ń kó o sí, tí wọ́n á fi omi rin ín. Níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì tutù, ọmọlúwàbí ni. Bó bá gbẹ pẹ́nrẹ́n, bí ẹ bá wọ́ ọ nílẹ̀, bí irin bá kàn án, á gbiná kí ẹ tó sọ pé kí ló dé. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára àgbá pé kó máa tutù nígbà gbogbo.

Ẹ wá wo ọgbọ́n ìjọba. Ọ̀gá ìmọ́tótó kan wọ ibẹ̀ lóṣù tó ṣáájú, ó rí i pé ilẹ̀ sítọ̀ rin, ó ní ẹ̀fọn ló ń sá pamọ́ síbẹ̀. Ó pàṣẹ pé bí òun bá padà wá tí òun ṣì bá nǹkan tútù níbẹ̀, òun á ti ilé iṣẹ́ náà pa. Ṣé ó ka ohun tí wọ́n kọ sára àgbá? Kí ni tiẹ̀? Ẹ̀fọn ni wọ́n rán an sí.

Máníjà ilé iṣẹ́ náà, Ọ̀gbẹ́ni Jubril Suara, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Èlùbọ́ ni ìyá rẹ̀ tà tó fi rán an níwèé. Láti kékeré ló ti mọ̀ pé ohun tó bá rin nínú sítọ̀ ń lọ bu nìyẹn, oòrùn sì ni oògùn rẹ̀. Ó ní kí wọ́n kó òwú jáde, kí wọ́n sá a. Tinúọlá Akínfẹ́nwá, obìnrin Èkìtì tó ń bá wọn yẹ ọ̀dà wò, kìlọ̀ fún un lọ́jọ́ Jímọ̀ pé òwú yẹn kò gbọdọ̀ gbẹ. Jubril dá a lóhùn pé ìwé ti pọ̀ jù lórí àwọn ará Èkìtì, ṣé ẹni tí ìjọba rán wá ni kò mọ ohun tó ń sọ? Mo ti bá Jubril jà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Fàúsát, ó ní òun ni òun fa ọ̀rọ̀ náà. Nínú gbogbo àwọn tó lọ́wọ́ nínú rẹ̀, òun nìkan ló tíì gbà pé òun jẹ̀bi.

Sátidé tó kẹ́yìn oṣù ni, ọjọ́ ìmọ́tótó tí gbogbo Èkó ń jókòó sílé gbálẹ̀ títí di aago mẹ́wàá. Àwọn òṣìṣẹ́ tó sùn mọ́jú níbẹ̀ ṣí àwọn àgbá sílẹ̀ lẹ́bàá ògiri, wọ́n tẹ́ tapólì, wọ́n da òwú inú díẹ̀ lára wọn sórí rẹ̀. Nígbà tí oòrùn mú, ẹnì kan mú ọkọ́, ó fẹ́ yí i kí abẹ́ rẹ̀ náà lè gbẹ, bí wọ́n ṣe ń yí èlùbọ́. Ọkọ́ ha òkúta. Kí a tó wí, kí a tó fọ̀, tapólì ti di iná, irùngbọ̀n ẹni tó mú ọkọ́ sì ti di ìtàn. Èéfín pupa rúsúrúsú gba ojú ọ̀run. Àwọn àgbá tó kù ṣí sílẹ̀ gbayawu, orí wọn ti ń gbẹ, ilé kéwú àti ilé wa ló sì wà lẹ́yìn ògiri náà.

Ọkọ̀ panápaná tètè dé, n kò ní purọ́ mọ́ wọn. Ó dé tòun ti fèrè rẹ̀, tòun ti iná orí rẹ̀ tó ń yí bírí. Omi nìkan ni kò bá a dé. Àwọn èèyàn àdúgbò, tí èmi náà wà láàárín wọn, ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ èébú nígbà tí Dàwódù bọ́ sílẹ̀ tó nawọ́ sí wọn.

“Ẹ fọwọ́ wọ́nú, ẹ̀yin èèyàn mi,” ó ní. “Ariwo la kọ́kọ́ gbé wá. Omi ń bọ̀ lẹ́yìn.”

Àwọn tí ẹ̀rù ń bà rẹ́rìn-ín, àwọn tó fẹ́ sá sì dúró. Ṣùgbọ́n omi wo ló ń bọ̀? Tàwọn mẹ́rúwà ni, àwọn ọmọ Hausa tó ń ti omi kẹ́ẹ̀gì kiri fún wa, torí ẹ̀rọ omi ìjọba ti gbàgbé ọ̀nà Agége tipẹ́. Àwọn agbófinró ìmọ́tótó ti dá ọmọlanke wọn dúró ní Dópẹ̀mú pé wọ́n rìn kí aago mẹ́wàá tó lù. Dàwódù sáré lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó ní bí wọ́n bá fẹ́ mú arúfin, kí wọ́n wá mú iná, nítorí òun náà ń rìn kí aago mẹ́wàá tó lù. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì tú ọmọlanke sílẹ̀.

Tinúọlá ti fẹsẹ̀ rìn dé nígbà náà. Ó ṣàlàyé fún Dàwódù pé wọn kò gbọdọ̀ wọ́ àgbá kankan, wọn kò gbọdọ̀ fi irin kàn án, kí wọ́n sáà máa fi omi rin ín. Dàwódù yí padà sí wa, ó ní kí a rọra máa bu omi sí i bí ẹni ń wẹ ọmọ tuntun. Ló bá to àwa tó kù sí ibi tí atẹ́gùn kò gbé èéfín gbà, ó ní ìhà iná jẹ́ tòun. Ẹ̀rín ò kúrò lẹ́nu rẹ̀. Bí kẹ́ẹ̀gì kan bá dé, á béèrè lọ́wọ́ ẹni tó gbé e wá bóyá omi Agége ni tàbí ti Ìkẹjà, pé ti Ìkẹjà ń ṣe fọ́ńté.

Ṣùgbọ́n Tinúọlá ń pariwo pé májèlé ni èéfín yẹn, kí ó fi ìbòmú panápaná sójú. Ìbòmú wà o. Ó wà ní àgọ́ wọn, nínú yàrá tí wọ́n tì pa kí olè má baà jí i, tí wọn kì í ṣí àfi bí ẹni ńlá bá wá ṣàbẹ̀wò, kí wọ́n lè fi yàwòrán. Ọ̀gá panápaná ní kọ́kọ́rọ́ yàrá náà wà lọ́wọ́ olùtọ́jú ẹrù. Olùtọ́jú ẹrù ní ó wà lọ́wọ́ ọ̀gá. Táwẹ́lì tútù ni Dàwódù so mọ́mú títí gbogbo àgbá fi kún fún omi tí wọ́n sì dé wọn padà. Kò sẹ́ni tó kú níbẹ̀. Ilé kéwú kò jó. Àwọn ọmọ wa ń bẹ láàyè lónìí, wọ́n ń bà wá lọ́kàn jẹ́ bí ìṣe wọn.

Ó wálé lọ́sàn-án, ó jẹ ẹ̀bà, ó bu òmíràn. Ó ní kí n kọ ọ́ sínú ìwé mi pé omi kẹ́ẹ̀gì ló paná, kì í ṣe ìjọba. Ó ń wúkọ́ díẹ̀, ó ní ata Fàúsát ni. Ṣé ẹnì kan láti ibi iṣẹ́ rẹ̀ sọ fún un pé kó lọ rí dókítà? Rárá. Nígbà tó di òwúrọ̀, èémí rẹ̀ ti ń ké, ètè rẹ̀ ti dúdú. Kí a tó rí ọkọ̀, ó ti lọ. Dókítà tí a bi lẹ́yìn náà ní bí èéfín yẹn ṣe ń ṣe nìyẹn: á jẹ́ kí èèyàn rò pé kò sí nǹkan, á wá sọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ di adágún omi lọ́jọ́ kejì. Omi tí wọn kò rí bù sínú táńkì ọkọ̀ wọn, inú àyà Dàwódù ló lọ kún sí. Inú bí mi nígbà tí mo gbọ́ ọ, ó ṣì ń bí mi.

Lọ́jọ́ Ajé, ọ̀gá rẹ̀ bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n, ó ní irinṣẹ́ ìgbàlódé àwọn ló kápá iná náà, pé èrè ìjọba alágbádá nìyẹn. Irinṣẹ́ ìgbàlódé wo, ọ̀gá? Ọmọlanke? Ọ̀gá ìmọ́tótó náà kò gbẹ́yìn. Wọ́n ti fún un ní ẹ̀bùn pé àdúgbò tirẹ̀ ló mọ́ jù lóṣù yẹn. Mo kí i. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá wa mọ́ ìdọ̀tí kúrò láyé pátápátá.

Fàúsát kò béèrè ohun tó pọ̀. Ọmọ rẹ̀ Hàmdálàt ló sunkún dé láti ilé ìwé, pé wọ́n ní panápaná tó sùn kú ni bàbá òun. Fàúsát bá lọ bá ọ̀gá panápaná, ó ní kí wọ́n ṣáà sọ ọ́ ní gbangba pé ẹnu iṣẹ́ ni ọkọ òun kú sí. Ọ̀gá béèrè pé ṣé ojú iná ló kú sí ni.

“Rárá, sà,” ni Fàúsát wí. “Ojú iná ló ti gba ikú. Ó kàn gbé e wálé ni.”

Ọ̀gá ní kó padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ náà ti kọjá.

A fẹ́ mọ ẹni tó ní kí wọ́n gbẹ ohun tí kò gbọdọ̀ gbẹ. A fẹ́ mọ ẹni tó rán ọkọ̀ tí kò lómi sójú iná. A fẹ́ mọ ẹni tí kọ́kọ́rọ́ ìbòmú wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó sì ti ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀, ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ wọ yunifọ́ọ̀mù yín, ẹ wá sí àdúgbò wa lọ́sàn-án gangan, ẹ jókòó síwájú Hàmdálàt, ẹ wojú rẹ̀, kí ẹ sọ fún un pé iṣẹ́ yín ló pa bàbá rẹ̀. Bí ẹnu yín kò bá gbà á, ẹ bọ́ yunifọ́ọ̀mù náà sílẹ̀ níbẹ̀, kí ẹ máa lọ.