Irin Tí Kò Lè Já Bọ́ Láti Ojú Ọ̀run

Ohun tí mo kọ́kọ́ rí nínú gẹ́ẹ̀mù náà ni iná. Ọkọ̀ ogun kan bú gbàmù lójú ọ̀run, lókè réré níbi tí afẹ́fẹ́ kò sí rárá, ó sì ń jó lala bí ìgbà tí wọ́n da kẹrosíìnì sórí ẹní àtijọ́. Ó tún ń pariwo. Mo wo ọkùnrin tó ṣe é, tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tó ń retí kí n pàtẹ́wọ́. Mo bi í pé kí ni iná yẹn ń jẹ tó fi ń jó. Ó ní, "Àǹtí mi, ẹ ṣáà máa wò ó lọ."

Físíìsì ni mo fi ń jẹun. Líísè kan, ilé ẹ̀kọ́ girama, ní Port-Bouët l'Ábíjan ni mo ti ń kọ́ni, nítòsí òkun, níbi tí iyọ̀ ti jẹ irin gbogbo fèrèsé tán. Gẹ́ẹ̀mù ogun ti fìyà jẹ mí kí n tó mọ ẹnikẹ́ni tó ń ṣe é. Àwọn ọmọ kíláàsì mi gbà pé ìbọn máa ń dún lójú ọ̀run, pé ìtànṣán lésà máa ń rìn díẹ̀díẹ̀ débi pé èèyàn lè yẹ̀ ẹ́. Tí mo bá ní irọ́ ni, wọ́n á wò mí bí ìyá arúgbó tí ayé ti fi sílẹ̀. Torí náà, nígbà tí àbúrò mi obìnrin sọ fún mi pé ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ òun ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe gẹ́ẹ̀mù, pé òun gan-an ló ń ṣe àwọn ohun ìjà ojú ọ̀run inú rẹ̀, mo pòṣé. Mi ò tilẹ̀ fi bò.

Àbúrò mi ti lé lọ́gbọ̀n ọdún. Pápákọ̀ òfuurufú ló ti ń ṣiṣẹ́, ó ń gba ẹrù lọ́wọ́ àwọn arìnrìn-àjò. Kì í ṣe pé ọkùnrin kò wá. Wọ́n ń wá, Bàbá wa ló ń lé wọn. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni Bàbá, ọjà Adjamé ló ti ń ta bàsíà àti ìkòkò láti ìgbà tí wọn kò tíì bí wa, kò sì sí ohun tó fẹ́ràn tó ìwádìí. Kí ọkùnrin kan tó kó àwọn èèyàn rẹ̀ wá tọrọ ọmọ nílé wa, Bàbá á ti ránṣẹ́ sílé, á ti ránṣẹ́ sọ́jà, á ti bi ìmáàmù wọn. Wọ́n á wádìí àrùn, wọ́n á wádìí ìjà, wọ́n á wádìí bí ìyá rẹ̀ ṣe ń bá aládùúgbò gbé. Gbogbo Anango tó wà l'Ábíjan ló ń ṣe é, bí wọ́n ṣe ń pe àwa Yorùbá níbí nìyẹn, ṣùgbọ́n ti Bàbá wa ti pọ̀ jù. Ó lé ọ̀kan nínú wọn torí pé bàbá bàbá ọmọkùnrin náà bá ẹnì kan jà lórí ilẹ̀ nígbà kan rí.

Eléyìí yege nínú gbogbo ìwádìí. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni, Mùsùlùmí ni, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Nàìjíríà, ilé wọn kò ní àléébù. Ẹnu ara rẹ̀ ló kó bá a. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wá kí Bàbá, Bàbá bi í pé irú iṣẹ́ wo ló ń ṣe. Èèyàn tó ní làákàyè á ní iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni, ọ̀rọ̀ á sì tán síbẹ̀. Rárá o. Ó fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé òun kì í ṣe ẹgbẹ́ àwọn tó kàn ń tẹ kọ̀ǹpútà. Ó yọ fóònù, ó fi han Bàbá. Irin gbọọrọ kan jáde lára sátẹ́láìtì, ó já wá sórí ìlú kan tó ní ọ̀sà àti afárá àti ilé gogoro, ìlú náà di eruku. Ó wá sọ ọ̀rọ̀ tó fi ń yangàn níbi gbogbo: "Bàbá, kì í ṣe eré lásán o. Gbogbo ẹ̀ ló bá sáyẹ́ǹsì mu."

Bàbá wo fóònù náà tán. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ṣàdúà fún un, ó sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Lẹ́yìn náà ló pè mí.

"Ṣé o rí ìlú tó wó yẹn? Plateau ni, àárín Ábíjan níbí."

"Bàbá, kì í ṣe Plateau. Wọ́n kàn yà á ni."

"Ọ̀sà wà níbẹ̀. Afárá wà níbẹ̀. Wò ó, àlejò ni wá níbí. Nígbà tí ìlú yìí dàrú, o ti dàgbà, o mọ ohun tí ojú wa rí. Gendarme wọ ọjà, wọ́n ń béèrè ìwé, papiers, papiers, Anango dà? O wá ní kí n fi ọmọ mi fún Anango tó ń ṣe irin tó ń wó afárá?"

"Eré ni, Bàbá."

"Tó bá jẹ́ eré, kí ló dé tó ní òótọ́ ni? O ti rí ẹni tó pàlọ́ tán tó wá ń búra sí i rí?"

Bàbá bá gbé ìdájọ́ kalẹ̀. Èmi ni prof de physique, kí n lọ wádìí irin náà. Tí mo bá rí i pé ohun tó lè ṣẹlẹ̀ láyé yìí ni, kò sí ìgbéyàwó. Tí mo bá rí i pé eré ọmọdé ni, kí àwọn èèyàn ọkùnrin náà máa bọ̀. Wọ́n ti wádìí ẹ̀jẹ̀, wọ́n ti wádìí ìran, ó wá kan sátẹ́láìtì.

Àbúrò mi sunkún lójú mi, inú mi sì bàjẹ́ gidigidi, torí kì í ṣe ẹni tó ń sunkún. "Grande sœur, ẹ̀gbọ́n mi, pardon," ó ní. "Tí Bàbá bá kọ eléyìí, mi ò ní mú ẹnikẹ́ni wá sílé yìí mọ́. C'est fini." Mo ní kó fọkàn balẹ̀. Kí ló rọrùn bí kí èèyàn fi hàn pé gẹ́ẹ̀mù ogun jẹ́ irọ́?

Bí mo ṣe di ẹni tó jókòó sílé ọkùnrin náà lọ́sàn-án Sátidé nìyẹn, tí àbúrò mi wà láàárín wa, tí mo ń wo iná tó ń jó láìsí afẹ́fẹ́.

Lẹ́yìn iná, lésà ló kàn. Ó pupa fòò, ó nípọn bí ọ̀pá, ó ń kọjá lọ lójú ọ̀run. Mo ní kó dá a dúró. Mo bi í pé kí ló jẹ́ ká rí i. Ní ṣọ́ọ̀bù Bàbá, tí oòrùn bá gba ihò páànù wọlé, eruku ọjà ló ń jẹ́ ká rí ìtànṣán rẹ̀. Níbi tí kò sí eruku, tí kò sí afẹ́fẹ́, o ò lè rí lésà tó ń kọjá níwájú rẹ, àfi tó bá wọ̀ ọ́ lójú, nígbà yẹn o ò sì ní rí nǹkan kan mọ́. Ó ní, "Òótọ́ ni, mà, ṣùgbọ́n àwọn tó ń tà á fẹ́ kó pupa." Sójà kan ń yìnbọn lójú ọ̀run, ìbọn náà kò tì í sẹ́yìn rárá, ó dúró gbọn-in bí ẹni dúró sórí sìmẹ́ǹtì. Òmíràn ṣí àṣíborí rẹ̀ kó lè sọ ọ̀rọ̀ ìdágbére fún ọ̀rẹ́ rẹ̀. Mo pòṣé títí ẹnu fi ń ro mí. Àgbàlagbà èèyàn ló jókòó tó ń ro nǹkan báyìí, tí wọ́n sì ń sanwó oṣù fún un.

"Èwo ló wá bá sáyẹ́ǹsì mu nínú ẹ̀?"

Ojú rẹ̀ tàn. "Irin yẹn. Àǹtí mi, irin yẹn, èmi fúnra mi ni mo ṣírò ẹ̀."

Ó fi hàn mí. Sátẹ́láìtì náà dúró gẹ́lẹ́ lókè ìlú, ó tú irin sílẹ̀, irin já wá sílẹ̀ tààrà bí àgbọn. Mo rẹ́rìn-ín débi pé àbúrò mi fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi níhà. Sátẹ́láìtì kì í dúró. Eré ló ń sá, eré burúkú, yí ayé po, eré yẹn ni kò sì jẹ́ kó já. Ohunkóhun tó bá tú sílẹ̀ á máa bá a sáré náà lọ ni. Tí o bá wà nínú bọ́ọ̀sì tó ń sáré lórí afárá, tí pọ́ọ̀sì rẹ bọ́ lọ́wọ́ rẹ, ṣé ojú títì lẹ́yìn ni wàá ti lọ mú un? Ẹsẹ̀ rẹ níbẹ̀ ló máa bọ́ sí. Irin yẹn á kàn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sátẹ́láìtì, àwọn méjèèjì á jọ máa yí ká bíi tọkọtaya tó ń gbafẹ́. Mo sọ gbogbo ẹ̀ fún un, mi ò fi oyin sí i. Ó gbọ́, ojú rẹ̀ rí bíi ti ẹni tí wọ́n bú ìyá rẹ̀. Ó ní òun á tún un wò. Tayọ̀tayọ̀ ni mo fi wọ takisí wórò-wórò lọ sílé.

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, lẹ́yìn ìrun Alásárì, Bàbá pè wá sílé rẹ̀ l'Ádjamé. Àwa mẹ́rin péré ni: Bàbá, èmi, àbúrò mi, àti ọkùnrin náà tó jókòó sórí ẹní pẹ̀lú fìlà tuntun.

"Sọ ohun tí o rí," Bàbá ní.

Mo sọ, mo sì gbádùn ẹ̀. Mo sọ ti iná, mo sọ ti ariwo, mo sọ ti sójà tó ṣí àṣíborí kó tó kú. Nígbà tí mo dé orí pọ́ọ̀sì àti bọ́ọ̀sì, Bàbá ti ń rẹ́rìn-ín.

"Èyí ni pé irin náà ò lè já bọ́?"

"Kò lè já bọ́, Bàbá."

Bàbá fọwọ́ nu omi ojú. Àbúrò mi dìde láti bu omi fún un, ara rẹ̀ ti yá. Ọ̀rọ̀ ti parí. Kò ku ohun tí ọkùnrin náà máa ṣe ju kó dọ̀bálẹ̀, kó ní ẹ ṣeun sà, kó máa lọ ránṣẹ́ sáwọn èèyàn rẹ̀.

Ó lanu. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, òótọ́ ni Àǹtí sọ, kò lè kàn ṣàdédé bọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti tún un ṣe. Mo ti fi ẹ́ńjìnnì kékeré sí i. Ẹ́ńjìnnì yẹn á ti irin náà sẹ́yìn, á dín eré tó ń sá kù, tí eré yẹn bá ti dín kù, á já wá sílẹ̀. Báyìí, ó lè ṣẹlẹ̀ dáadáa, sà. Ó bá sáyẹ́ǹsì mu pátápátá."

Ó wò mí, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó rò pé ìdánwò lòun ṣe tán yẹn, pé máàkì lókù. Mo ti rí òmùgọ̀ láyé mi, mo ti fún wọn ní òdo, mo ti pe òbí wọn wá sí líísè, ṣùgbọ́n mi ò rí irú eléyìí rí. Mo ṣílẹ̀kùn fún un gbagada, ó ń fọwọ́ ara rẹ̀ tì í.

Ohun tó wá burú jù ni pé òótọ́ ló sọ. Bó ṣe máa já gan-an nìyẹn. Tí wọ́n bá ní kí n kọ ọ́ sójú pátákó, ohun tí èmi náà máa kọ nìyẹn.

Bàbá gbé ife omi kalẹ̀. Ẹ̀rín ti tán lójú rẹ̀. Kò tilẹ̀ wo ọkùnrin náà, èmi ló kọjú sí.

"Ìwọ tí o kàwé. Ṣé òótọ́ ló sọ? Tí wọ́n bá fi ẹ́ńjìnnì sí i, ṣé á já?"

Àbúrò mi dúró pẹ̀lú jọ́ọ̀gì omi lọ́wọ́. Ilẹ̀ ló ń wò.

Mo ti purọ́ nípa ọjọ́ orí mi. Mo ti purọ́ nípa ibi tí mo lọ, nípa ẹni tí mo bá lọ. Nípa físíìsì, rárá, láti ọjọ́ tí mo ti di olùkọ́. Mo fẹ́ràn físíìsì ju ọ̀pọ̀ èèyàn lọ.

"Kò lè já, Bàbá," mo ní. "Ṣebí mo ti sọ pé kò sí afẹ́fẹ́ lókè yẹn. Kí ni ẹ́ńjìnnì máa fẹ̀yìn tì kó tó lè ti nǹkan?"

Irọ́ tó gọ̀ jù lọ nínú gbogbo físíìsì nìyẹn. Lọ́dọọdún ni mo ń fi bírò pupa fa igi lé e nínú ìwé àwọn ọmọ. Rọ́kẹ́ẹ̀tì kì í fẹ̀yìn ti afẹ́fẹ́, èéfín tó ń tú jáde nídìí rẹ̀ ló ń tì í, ó sì máa ń ṣiṣẹ́ dáadáa níbi tí afẹ́fẹ́ kò sí.

"Àǹtí mi," ọkùnrin náà ní, ẹnu yà á, "ẹ dákun, rọ́kẹ́ẹ̀tì..."

"Mo ní kò lè já."

Àbúrò mi gbé jọ́ọ̀gì sílẹ̀, ó sì di ọkùnrin náà lápá mú. Kò mọ físíìsì, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé èèyàn kì í bá ẹ̀gbọ́n ìyàwó jiyàn lójú bàbá ìyàwó. Bàbá mí kanlẹ̀.

"Alhamdulillah. Eré ni nígbà náà. Sọ fún àwọn èèyàn rẹ kí wọ́n máa bọ̀."

Wọ́n ti ṣègbéyàwó, wọ́n ti bímọ. Kò sẹ́ni tí mo sọ òtítọ́ fún, àbúrò mi pàápàá gbà pé bí mo ṣe sọ ọ́ ló rí. Mi ò kábàámọ̀, tí wọ́n bá tún bi mí lónìí, ohun tí mo máa sọ nìyẹn.

Mo lọ kí wọn láìpẹ́ yìí ní Port-Bouët. A ti jẹun tán. Ọkọ àbúrò mi wọ yàrá, ó mú bàlúùnù ọmọ rẹ̀ jáde, ó jókòó síwájú mi. Ó ní kí n má bínú, ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà lọ́kàn òun, ẹni tó ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ yẹ kó mọ̀ ọ́n. Ó fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú bàlúùnù náà, ó tú u sílẹ̀, ó ń fò káàkiri pálọ̀. Ó ń sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ń dá a sí wẹ́wẹ́ fún mi, bí mo ṣe ń ṣe fún àwọn tó gbẹ̀yìn nínú kíláàsì. Àlàyé náà kò tilẹ̀ dára. Pálọ̀ tí afẹ́fẹ́ kún inú rẹ̀ kò lè jẹ́rìí sí ibi tí afẹ́fẹ́ kò sí, mo sì mọ bí mo ṣe lè kọ́ ọ kó ṣe é dáadáa.

Bàbá wà lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó gbé ọmọ náà sórí itan. Ó wo bàlúùnù títí ó fi bọ́ sílẹ̀, ó wá gbé ojú rẹ̀ wá sọ́dọ̀ mi.

"Ṣé ó ti yé yín báyìí, Àǹtí mi?" ọkọ àbúrò mi bi mí.

Mo ní kò yé mi.