Dígí Pupa àti Agbọ̀n Obì Gbànjà

Nígbà tí wọ́n pín ẹrù ọkọ mi, kámẹ́rà rẹ̀ kò kàn mí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Alhájà olóbì tí gbogbo Ìjọkù mọ̀, ló ní kí wọ́n gbé e lọ sí yàrá òun. Bí ó ṣe di títà, n kò mọ̀. Agolo bisikíìtì kan ni wọ́n sún sí iwájú mi. Alhájà ní, "Ìyàwó, máa kó àwọn dígí rẹ lọ." Àwọn tó jókòó rẹ́rìn-ín, nítorí gbogbo wọn mọ ohun tó ń bá wí. Mo gbé agolo mi, mo padà sí Ìkẹ́nnẹ́ níbi tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní Físíìsì, mo sì gbé e sórí àpótí aṣọ. Ibẹ̀ ló wà títí irun orí mi fi funfun.

Fíltà ló wà nínú agolo náà, dígí pẹlẹbẹ roboto tí a máa ń yí mọ́ ojú kámẹ́rà, tí irin tẹ́ẹ́rẹ́ yí etí rẹ̀ ká bí òrùka. Ọ̀kan mọ́ gaara. Iṣẹ́ tirẹ̀ kò ju kó gba eruku àti ìka ọmọdé dúró lọ. Ọ̀kan ní àwọ̀ ìyeyè. Ọ̀kan pupa bí epo tuntun.

Ọkọ mi kì í fi aṣọ tó bá kámẹ́rà wá nù wọ́n. Yóò mí sí dígí náà, yóò fa etí ìró mi, yóò fi nù ún. Ó ní kò sí aṣọ tó rọ̀ tó ìró mi tó ti gbó. Bí a bá wà lóde, bí àwọn èèyàn tilẹ̀ ń wò wá, yóò ṣáà fà á. Mo máa ń gbá a lọ́wọ́. Ní báyìí, etí ìró náà ni mo fi ń nu dígí, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń fà á.

Fíìmù dúdú àti funfun ni à ń lò nígbà náà. Nínú irú fíìmù yẹn, dígí kì í kun àwòrán. Ńṣe ló ń yan èyí tí yóò mọ́ àti èyí tí yóò ṣókùnkùn. Èyí tó ní àwọ̀ ìyeyè ni mo fẹ́ràn, nítorí kì í ṣe àṣejù: ojú ọ̀run á ṣú díẹ̀, ìkùukùu á yọ, ojú èèyàn á sì wà bó ṣe wà. Èyí pupa kì í rọra ṣe. Á sọ ojú ọ̀run di dúdú bí ẹni pé òjò ń bọ̀, á sọ ewé di dúdú, ṣùgbọ́n ohunkóhun tó bá pupa, á sọ ọ́ di funfun, torí pé ìmọ́lẹ̀ pupa nìkan ló ń jẹ́ kó kọjá. Mo ti fi èyí kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi kí n tó fojú kan dígí náà pàápàá.

Ní ìgbà obì ọdún kan, Alhájà ránṣẹ́ pe àbúrò rẹ̀ pé kó wá ya fọ́tò ọjà òun. Wọ́n ti to àwọn agbọ̀n gbànjà sí àgbàlá, wọ́n fi ewé tútù tẹ́ inú wọn, obì pupa ló sì kún gbogbo wọn. Èmi ni mo gbé àpò dígí tẹ̀lé ọkọ mi, bí ìṣe mi. Ó ní kí n mú èyí pupa wá.

Mo sọ fún un pé, "Obì ni wọ́n ní kí ẹ yà, kì í ṣe ojú ọ̀run. Ẹ jẹ́ ká lo èyí tó ní àwọ̀ ìyeyè."

Ó gbójú sókè. "Wo ìkùukùu yẹn," ló wí, ó sì na ọwọ́ gba dígí pupa lọ́wọ́ mi.

Fọ́tò náà dára, n kò ní purọ́. Inú Alhájà dùn sí i débi pé ó fi í rán awakọ̀ tó ń lọ sí Kánò, kó fún oníbàárà rẹ̀ pàtàkì, kí ó lè mọ irú obì tó wà nílẹ̀. Òun tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣa obì náà, pupa ló ń rí nínú fọ́tò. Ẹni tí kò rí i rí, funfun ló rí. Obì funfun ṣọ̀wọ́n, ó sì níyì lọ́dọ̀ wọn lọ́hùn-ún. Ọkùnrin náà ní kí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ wá, ó sì ti lọ ṣèlérí rẹ̀ fún àwọn tó ń ṣe ìyàwó. Nígbà tí wọ́n ṣí agbọ̀n lójú àwọn èèyàn rẹ̀, pupa ni. Ó ní wọ́n fi òun ṣe ẹlẹ́yà, kò sì ra obì ní agbo ilé yẹn mọ́.

Alhájà pe gbogbo ilé jọ. Ó béèrè ẹni tó fi nǹkan bo ojú kámẹ́rà. Mo wo ọkọ mi. Ọkọ mi ń wo ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Ni Alhájà bá yíjú sí mi: "Ìwọ lò ń gbé àpò dígí. Ìwọ lo kàwé rẹ̀." Ọkọ mi kò gbé ojú sókè.

Láti ọjọ́ náà ni àwọn ìyàwó ilé ti sọ mí ní Sọ-pupa-di-funfun. Bí mo bá gbé ẹran wá síbi ìnáwó, wọ́n á ní kí wọ́n yára sè é kó tó di ẹja. Nígbà tí mo bímọ, ọ̀kan nínú wọn ní kí wọ́n gbé ọmọ náà síta kí wọ́n tún un wò dáadáa. Mo bi ọkọ mi lọ́jọ́ kan ní ojú ọ̀nà ilé pé kí ló dé tó fi dákẹ́. Ó ní kí n má dá wọn lóhùn, pé ọ̀rọ̀ náà á rọlẹ̀. Ó kú kó tó rọlẹ̀, ó sì fi orúkọ náà sílẹ̀ fún mi.

Lọ́dún yìí ni ọmọ mi obìnrin fi kámẹ́rà ránṣẹ́ sí mi. Ohun tí mo kọ́kọ́ bi í ni bóyá ó lè ya dúdú àti funfun. Ó ní ó lè yà á. Ṣùgbọ́n ẹnu dígí pupa fẹ̀ ju ti kámẹ́rà lọ, kò sì lè jókòó. Ọkùnrin kan tó ń ta ẹ̀yà kámẹ́rà nítòsí ìkóríta ńlá ní Ṣàgámù wò ó títí, ó ní, "Màmá, fóònù yín lè ṣe gbogbo èyí." Mo ní n kò béèrè fóònù. Ó wá òrùka irin kan tó so àwọn méjèèjì pọ̀. Kò pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ ni mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ìjọkù. N kò torí fọ́tò lọ. Mo fẹ́ kí ẹnu kan ṣoṣo nínú ilé yẹn sọ ọ́ kí n tó kú pé kì í ṣe ọwọ́ mi.

Alhájà ti darúgbó gan-an, ṣùgbọ́n ó ṣì ń ṣa obì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó wò mí. "Sọ-pupa-di-funfun, o ṣì wà?" Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Mo wà, Alhájà. Ẹ kú ìjókòó." Mo ní kí wọ́n bá mi gbé agbọ̀n obì pupa kan bọ́ sí ìmọ́lẹ̀. Mo yí dígí mọ́ ojú kámẹ́rà, mo yà á, mo sì fi hàn án lẹ́yìn kámẹ́rà: obì funfun báláú nínú ewé dúdú. Mo tú dígí kúrò, mo tún un yà: obì dúdú. Mo ṣàlàyé fún un bí mo ṣe máa ń ṣàlàyé fún ọmọ kíláàsì. Mo ní mo kìlọ̀ fún ọkọ mi lọ́jọ́ náà.

Ó ju obì ọwọ́ rẹ̀ sínú agbọ̀n. "Mo mọ̀," ló wí. "Kò pẹ́ sígbà náà ló wá dọ̀bálẹ̀ níbi tí o dúró sí yẹn, ó ní ọwọ́ òun ni."

Mo béèrè ìdí tó fi jẹ́ kí n máa jẹ́ orúkọ náà.

"Ọmọ bàbá mi ni. Ìwọ, ìyàwó ni ọ́. Ta ni kí n bá wí?" Ó mú obì mìíràn, ó ń fi ìka wá kòkòrò lára rẹ̀. "Ó ní kí n má sọ fún ọ pé òun ti jẹ́wọ́. Ó ní bí o bá gbọ́, wàá kó ẹrù rẹ."

Mo ní kó tún un sọ kí àwọn ìyàwó ilé gbọ́. Ó sọ ọ́, bí ẹni ń sọ iye tí wọ́n ń ta iṣu. Wọ́n kígbe "hẹn-ẹ́n," wọ́n sì bá mi kẹ́dùn. Bí mo ṣe ń jáde, ìyàwó kékeré kan sáré sin mí dé ẹnu ọ̀nà, ó kúnlẹ̀ dáadáa, ó ní, "Ó dàbọ̀ o, Ìyá Sọ-pupa-di-funfun."

Mo kọ ọ́ síbí kí ẹni tó bá mọ ilé náà lè kà á.

N kò mọ̀ bóyá ǹ bá kó ẹrù mi. Ohun tí mo mọ̀ ni pé gbogbo ọdún tó ń fa ìró mi, tó ń fi nu dígí, ó ń bẹ̀rù pé mo lè lọ, kò sì bi mí rí. Ǹ bá ti dá a lóhùn.

Lẹ́yìn ògiri ilé wọn, ìkùukùu ti ṣù jọ lókè òrùlé páànù. Mo dá dígí pupa padà sójú kámẹ́rà, mo yà á. Ó dára. Ó dára ju bí mo ṣe fẹ́ kó dára lọ; àwọ̀ ìyeyè kò lè ṣe é báyẹn láéláé. Eruku ti bà lé dígí náà. Mo mí sí i. Mo di etí ìró mi mú, mo sì dúró díẹ̀ kí n tó fà á.